Orúkọ Mẹ́tàlélógójì Nínú Fọ́ọ̀mù Òtẹ́ẹ̀lì

Ápátímẹ́ǹtì Kẹrìnlá,
Fondren Southwest,
Houston, Texas.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kọkànlá, 1986.

Ọmọ́yẹni, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni òkun? Báwo ni oòrùn ibẹ̀? Ṣé ara rẹ le, ṣé orí kò fọ́ ọ, ṣé o ń rí oúnjẹ tó ń gba ikùn jẹ? Èmi bàbá rẹ kí ọ, Bíyìí ọkọ rẹ kí ọ, Lará ọmọ rẹ kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé eyín iwájú òun kejì náà ti ká, òun sì ti fi pamọ́ dè ọ́ sínú ike bọ́tà. Bí omi ṣe yí ọ ká níbi tí o wà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àánú Ọlọ́run yóò ṣe yí ọ ká. Omi kò ní gbé ọ lọ, ìjì kò ní ká òrùlé kúrò lórí rẹ, gbogbo àlejò tó bá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí o tẹ́ ni yóò jí láàárọ̀, tí wọn yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmín.

Lẹ́tà dé láti ilé níbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá. Orúnkún ìyá rẹ ti ń sàn, ó ní òun ti lè rìn dé ìdí kànga láìjókòó sinmi lọ́nà. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá òótọ́ ni pé ò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn tó ń gbé inú omi, nítorí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, àwọn kan sì ti ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ. Ọláníkẹ́ ọmọ àbúrò mi ti bí ìbejì, obìnrin làwọn méjèèjì. Àwọn ará ilé ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ọkùnrin wo ló ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbàgbé pé ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe sítúwọ́ọ̀dù ní Rẹ́sítì Háòsì ìjọba tó wà lórí òkè ìlú wa, àti pé kò sí oúnjẹ tí mi ò lè sè, kò sí aṣọ tí mi ò lè lọ̀. Irun Lará nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Làdíátù ìyàwó Sirajudeen, tí ilé wọn kan ilé wa, ló ń bá mi dì í ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Ọlọ́run bá wa san án fún un.

Ìwé àwòrán òtẹ́ẹ̀lì yín tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Bíyìí ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi, pé ilé iṣẹ́ yín ní erékùṣù mẹ́ta ní Màlìdífù àti ilé ńlá kan ní Siri Láńkà, pé erékùṣù kọ̀ọ̀kan kéré débi pé èèyàn lè rìn yí i po kí ìrẹsì orí iná tó jinná, àti pé òtẹ́ẹ̀lì yín nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ọba, kò sí baálẹ̀. Mo wọ gíláàsì mi, mo wò ó dáadáa. Mo rí àwọn ilé onígi tó dúró lórí òpó láàárín omi. Ọmọ mi, àwọn ará Ìlàjẹ ti ń kọ́ irú ilé yìí kí wọ́n tó bí bàbá mi, kò sì sí òyìnbó tó sanwó rí láti lọ sùn níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún wọn.

Àwọn òyìnbó tó sùn gbalaja sórí iyanrìn láìwọ ẹ̀wù ni wọ́n ṣe mí láàánú jù. Bíyìí ní olówó ni gbogbo wọn. Mo ní bí wọ́n bá lówó, kí ló dé tí wọn ò ní ju aṣọ kan lọ, nítorí ó hàn gbangba pé wọ́n fọ aṣọ ni, wọ́n sì ń dúró dè é kó gbẹ. Jọ̀wọ́, ìwọ tí o jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, bá àwọn alágbàfọ̀ yín sọ̀rọ̀. Ní Rẹ́sítì Háòsì, bí Ajẹ́lẹ̀ bá fún mi láṣọ láàárọ̀, mo ti lọ̀ ọ́ kó tó di aago mẹ́rin. Mo tún rí i pé ẹ ń fi ṣokoléètì sórí ìrọ̀rí àlejò. Ìyẹn ń pe èèrà o.

Ní ti àgbàlagbà tó ń jẹ́ Ùsáínì, tí o ní ó mọ bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ju gbogbo wọn lọ ṣùgbọ́n tí kì í dá ọ lóhùn, má bínú sí i. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n mú ọmọdé kan láti Ìbàdàn wá ṣe ọ̀gá mi, oṣù méjì gbáko ni mi ò fi bá a sọ ju "Yẹ́sà" lọ. Ìwọ máa tètè kí i láàárọ̀ kó tó rí ọ, kó o sì ní kó kọ́ ọ bó ṣe ń ká igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Bó bá ti kọ́ ọ tán, ọmọ rẹ̀ lo dà yẹn.

Jẹ́ kí n wá sọ ti tẹlifóònù. Ní ọ̀sẹ̀ tí o lọ, Làdíátù ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ nọ́ńbà nínú ilé tirẹ̀, ó ní kí n fi nọ́ńbà ilé wa dánra wò. Mo tẹ̀ ẹ́, ìwọ lo dá mi lóhùn. Mo gbọ́ ohùn rẹ ketekete, ò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, o ní ẹ kò sí nílé, kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ lẹ́yìn tí nǹkan bá dún. Inú mi dùn pé o jìnnà tó báyẹn tí o sì tètè dá mi lóhùn. Mo kí ọ, mo ní Lará ti jẹun, mo bi ọ́ bóyá ò ń sùn dáadáa. O ò fèsì, mo sì gbà pé iṣẹ́ ló pọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí bọ́ọ̀sì ilé ìwé bá ti gbé Lará, ilé Làdíátù ni mò ń gbà lọ láti pè ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà lo sì ń sọ fún mi lójoojúmọ́, títí ó fi ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ọ pé kò yẹ kí o máa sọ pé a kò sí nílé nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín èmi àti ẹnu ọ̀nà wa.

Bíyìí ló là mí lóye. Ó ní ẹ̀rọ ni, ó wà lábẹ́ tẹlifóònù, pé o ti sọ̀rọ̀ sínú téèpù rẹ̀ kí o tó lọ, àti pé gbogbo ohun tí mò ń sọ láàárọ̀ ni òun ń gbọ́ nírọ̀lẹ́ bí òun bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ní Clear Lake. Ojú tì mí. Mo wá ní kó pa ohùn rẹ rẹ́ kúrò níbẹ̀ kó fi tirẹ̀ sí i, nítorí òun ni baálé, kò sì dáa kí ẹni tí kò sí nílé máa sọ fún gbogbo ayé pé kò sẹ́ni nílé. Ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Bàbá." Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá wọlé nírọ̀lẹ́, kó tó bọ́ bàtà, ó máa ń tẹ ẹ̀rọ náà kó lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ, ìbáà ṣe pé kò sí ẹni tó pè lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rín rẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́ láti ìgbà tí o lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ lóṣù tó kọjá, ọjọ́ tó gbé èmi àti Lará lọ sí báǹkì. A ò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Òpó kan ló wà níbẹ̀ tó ní ike róbótó bí ìgò, wọ́n á kó ìwé sínú ìgò náà, òpó á gbé e mì, obìnrin kan á sì máa kí ọ láti inú irin. Mo kí i padà, mo béèrè ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Nígbà tí ìgò náà padà dé pẹ̀lú owó, ó ti fi súìtì sí i fún Lará, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹni tó wà nínú irin mọ̀ pé ọmọdé wà lọ́dọ̀ wa. Kò yẹ ká gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ká má fún un ní nǹkan kan. Mo yọ obì kan nínú àpò mi, mo sọ ọ́ sínú ìgò kí Bíyìí tó dá mi dúró, òpó sì gbé e mì. Obìnrin náà ní kí Ọlọ́run bù kún wa. Bíyìí rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé sítíárì.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá, ìwé kan dé láti ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ yín tó wà láàárín ìlú Houston níbí, ọ́fíìsì tó gbà ọ́ síṣẹ́ lẹ́yìn tí òtẹ́ẹ̀lì tí o wà tẹ́lẹ̀ dín òṣìṣẹ́ kù nítorí owó epo tó já wálẹ̀. Bíyìí kà á lórí ìdúró. Ó ní wọ́n fẹ́ sọ oṣù mẹ́ta tí o bá wọn dá di ọdún méjì, wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe ọ̀gá àgbà fún ìtọ́jú yàrá ní erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ará ilé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Ó gbé e sórí firíìjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìwé náà fi wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ni Bíyìí ń mú mílíìkì nínú firíìjì yẹn, kò sì gbójú sókè wò ó rí. Mo mọ̀ pé ìwọ náà ti kọ̀wé bi í pé kí ló rí sí i, pé o ò ní tọwọ́ bọ nǹkan kan títí tí o fi máa gbọ́ láti ilé. Mo rí lẹ́tà náà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ nígbà tí mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò kà á, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà.

Èmi rò pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Mo sì rí i lára fọ́ọ̀mù náà pé ọjọ́ tí wọ́n dá ti ń pé. Ni mo bá jókòó ti tábìlì ìdáná, mo kọ ọ́ fúnra mi, nítorí Gẹ̀ẹ́sì Rẹ́sítì Háòsì kò tíì tán lẹ́nu mi. Wọ́n béèrè ìbátan rẹ tó sún mọ́ ọ jù lọ. Mo rò ó. Ìyá rẹ wà ní Nàìjíríà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní Nàìjíríà, Bíyìí ń wakọ̀ lọ sí Clear Lake lójoojúmọ́, ibẹ̀ kò sì sún mọ́ ibì kankan. Làdíátù ló sún mọ́ jù, ògiri kan péré ló là wá láàárín. Mo kọ Làdíátù. Wọ́n tún béèrè àwọn tó gbójú lé ọ, wọ́n sì fi ìlà mẹ́rin sílẹ̀. Mo ní àwọn èèyàn yìí kò mọ irú ọmọ tí mo bí. Mo ya ìwé nínú ìwé iṣẹ́ Lará, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá rẹ, mo kọ àwọn tí ò ń san owó ilé ìwé wọn, àwọn tí o fi bàtà ránṣẹ́ sí, ẹni tó ń ṣọ́ oko mi, Ìyá Ìjọ tí o ra gíláàsì fún, títí kan Táyé àti Kẹ́hìndé tí Ọláníkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, nítorí mo mọ̀ pé wàá fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Mo fi sítáǹbù lẹ̀ ẹ́, mo fi ránṣẹ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan tó ga, tó sì wọ táì, kan ilẹ̀kùn. Ó ní Charles ni orúkọ òun, láti ilé iṣẹ́ yín, Missouri City lòun ń gbé, òun ní kí òun yà kí òun tó délé. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ ni Làdíátù. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé tí mo kọ, ó sì rọra béèrè bóyá o ní ilé ọmọ òrukàn. Ó ní gbogbo ẹni tó bá gbójú lé òṣìṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kó lè wá sí erékùṣù. Ó ní ọ̀gá òun ka orúkọ mẹ́tàlélógójì náà, ó ní ẹ ń fi ilé iṣẹ́ ṣe ẹlẹ́yà, ó sì fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Òun Charles ló ní kó fún òun lọ́jọ́ díẹ̀ kí òun wá fojú ara òun rí i.

Mo rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ni mo bá wọ ilé ìdáná lọ ṣe ohun tí mo mọ̀. Mo fi omi gbígbóná ṣan ife kí n tó da tíì sí i, mo yan búrẹ́dì, mo gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, mo ká aṣọ ìnuwọ́ bíi fìlà bíṣọ́ọ̀bù, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bí mo ṣe máa ń dúró. Ó wo aṣọ ìnuwọ́ náà títí. Ó béèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé ìwọ náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi ni. Mo ní abẹ́ tábìlì tí mo ti ń lọṣọ lo ti dàgbà, pé nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́fà o ti ń ká igun bẹ́ẹ̀dì tí Ajẹ́lẹ̀ kò mọ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Ó mi orí. Ó ní àwọn àlejò ń kọ̀wé láti erékùṣù yẹn nípa yàrá wọn, ó ti yé òun wàyí. Ó wá béèrè àwọn orúkọ náà lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ohun tí o ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí a dé ìkẹtàlélógún ni Bíyìí wọlé.

Ó gba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún un kà. Ó bi mí pé kí ló dé tí orúkọ òun kò sí níbẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kò gbójú lé aya rẹ̀. Ó jókòó. Ó di ìwé náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Ó ní, "Èmi ló yẹ kó ṣe ìkíní níbẹ̀, Bàbá. Láti ìgbà tó ti lọ ni ẹ̀rù ti ń bà mí pé ibẹ̀ á dùn mọ́ ọn, kò ní padà wá mọ́."

Charles tẹjú mọ́ tíì rẹ̀. Lará nìkan ló lọ jókòó sórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, Charles ní kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọdún méjì, wọ́n lè kọ ọdún kan, kí o wá sílé fún oṣù kan láàárín rẹ̀, kí ọkọ àti ọmọ sì wá bá ọ nínú oṣù Kejìlá. Ó ní kò sí ẹni tó béèrè ni wọn ò ṣe sọ ọ́. Ó yọ fọ́ọ̀mù tuntun. Bíyìí gba gègé, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́, ó kọ Lará sí ìkejì, ó sì fa ìlà sí ibi tó kù. Ó fi ara rẹ̀ sípò ìbátan tó sún mọ́ jù. Nígbà tí Làdíátù gbọ́ pé wọ́n yọ òun, ó ní òun kò gbà, ìbátan ni òun títí láé, ó sì gbé túwó wá fún wa láti fi jẹ́rìí sí i. Ní Ọjọ́bọ̀, Charles pè pé ọ̀gá òun ti gbà, ó rẹ́rìn-ín nígbà tí òun ṣàlàyé, iṣẹ́ náà di tìrẹ bí o bá fẹ́ ẹ.

Bíyìí ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ọ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà, ó ń fà á ya, ó ní ó ń rí bí ìwé inú ọ́fíìsì. Ló bá ní kí n bá òun sọ ọ́. Ó ní bí ọkàn rẹ bá fẹ́ iṣẹ́ náà, kí o tọwọ́ bọ̀ ọ́ fún ọdún kan, òun fọwọ́ sí i, òun kò sì bínú. Ó ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ni òun àti Lará ń bọ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn wá, mo ní rárá, mo fẹ́ kí ẹ̀yin mẹ́ta wà pa pọ̀ láìsí àgbàlagbà tó ń wúkọ́ láàárín yín. Sirajudeen ti ní ọ̀dọ̀ àwọn ni n ó ti máa jẹun. Bí Bíyìí bá dé, má jẹ́ kó fọ aṣọ rẹ̀ kan ṣoṣo kó wá sùn sórí iyanrìn bí àwọn yẹn.

Bó bá sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ fún òògùn orúnkún, kó o sì fi kékeré kan kún un fún èmi náà, mo fẹ́ ra ẹ̀wù òtútù. Oòrùn ń ràn ní Houston, àwọn ará ibí sì ń fi owó gidi ra òtútù sínú ilé, mi ò tíì rí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ yóò mú ọ padà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ilé rẹ kò ní tú, ọkọ rẹ kò ní rẹ̀wẹ̀sì, ọmọ rẹ yóò mọ ojú rẹ, ojú rẹ yóò sì rí tiwa ní àlàáfíà.

Mo fẹ́ sọ ti ìrẹsì tó jóná fún ọ, ṣùgbọ́n Bíyìí ti jókòó sínú ọkọ̀, ó ní pósítọ́fíìsì ń tì ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́tà yìí sì gbọ́dọ̀ lọ lónìí. Ó ti fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ti ń fọn ọ́n.

Èmi ni bàbá rẹ,
Cornelius Ọlátúnbọ̀sún.